Wáyà Tẹlifóònù Ilé Ìwòsàn Etí Òkun

Kí n tó dé ìletò etí òkun kan tí kò jìnnà sí Oríòkè-Ìwàmímọ́, ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ìgbì gbọ̀n wá nínú ọkọ̀ bí ẹni ń ku èlùbọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n fi wáyà tẹlifóònù àtijọ́ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé ilé ìwòsàn wọn. Ilé-iṣẹ́ kan ló na wáyà bàbà náà sórí òpó. Wọ́n ti kó lọ, wáyà ò lọ.

Ẹ̀rọ méjì ni mo gbé dání. Ọ̀kan yára gan-an, ṣùgbọ́n kì í lè rìn jìnnà lórí wáyà. Èkejì ń wọ́, àmọ́ ó máa ń dé ọ̀nà jíjìn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń mójú tó ilé ìwòsàn náà ní èyí tó yára lòun fẹ́.

“Ẹ ṣáà jẹ́ kí dókítà tó wà ní Ìgbọ́kọ̀dá máa fojú ara rẹ̀ rí aláìsàn.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká dán an wò.”

Mo ti mọ bí yóò ṣe rí. Ní ìdí òpó àkọ́kọ́, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọ wáyà, àwòrán fídíò mọ́ kedere. Ní ilé ìwòsàn, ní ìparí afárá pákó, iná ẹ̀rọ náà kàn ń ṣẹ́jú ni. Iyọ̀ òkun ti jẹ gbogbo oríkèé wáyà. Mo ha wọ́n, mo tún wọn so, títí ìka mi fi bó. Kò yí padà. Mo gbé èyí tó ń wọ́ sí i.

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́n gbé apẹja kan dé. Ìwọ̀ ńlá ti kọ́ ọ lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì pe dókítà. Àwòrán gan pa. Nọ́ọ̀sì pa àwòrán, ohùn dókítà wá já gaara.

“Ẹ má fà á o! Ẹ fi aṣọ dè é bó ṣe wà, kí ẹ máa gbé e bọ̀.”

Ọkọ̀ tí ǹ bá wọ̀ ni wọ́n fi gbé e lọ Ìgbọ́kọ̀dá. Mo jókòó sórí pákó. Nọ́ọ̀sì wá jókòó tì mí.

“Ẹ ṣé o, ẹnjiníà. Àmọ́ mi ò tíì rí ojú dókítà yẹn.”

Mo ní kí wọ́n má bínú.

Nígbà tí iyọ̀ tún jẹ wáyà, tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, apẹja náà ti padà sójú omi. Ó fi àpá ọrùn rẹ̀ hàn mí, ó fún mi ní ẹja gbígbẹ. Mo dúpẹ́, mo sì gun òpó lọ ha ìpata.