Ọ̀bẹ Àpò Bàbá Mi

Òórùn èèpo ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó o tó rí bàbá fúnra rẹ̀. Bó o bá yọjú, wàá bá a lórí àga onígi tó ti ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọ̀bẹ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọsàn lọ́wọ́ òsì, tí èèpo ọsàn náà á máa gùn bọ̀ wálẹ̀ láìjá. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú títì ló máa ń wò, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń sáré kọjá, àfi bíi pé ọwọ́ náà lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí òun níbẹ̀.

Ìwọ náà á mọ irú ọ̀bẹ tí mò ń sọ. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, kò gùn ju ìka àárín lọ. Igi ni èèkù rẹ̀, ẹnu náà sì ń ká wọnú èèkù tí a bá ti lò ó tán. Èékánná lo máa fi ṣí i. Kò sí nǹkan dídán kankan lára rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, nídìí ẹrù tí wọ́n ń fi okùn dì, ọdún tó sì wọṣẹ́ ló ra ọ̀bẹ náà. Òógùn ọwọ́ ti sọ èèkù rẹ̀ di dúdú, ẹnu rẹ̀ sì ti tín-ín-rín nítorí pípọ́n. Láràárọ̀ Sátidé ló máa ń pọ́n ọn lára òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ilé, á wá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi sí ojú ibi tó ti ń ká.

Àbúrò mi tó wà lókè òkun ra ọ̀bẹ ìgbàlódé kan ránṣẹ́ sí i nígbà kan, èyí tó ní sísọ́ọ̀sì, tó ní ayùn, tó tún ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò. Bàbá dúpẹ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Èyí tó wà lọ́wọ́ mi mọ iṣẹ́ kan. Mi ò tíì rí ọjọ́ tó gbàgbé rẹ̀."

Mo pè é ní agídí àgbà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ohun tó fẹ́ràn jù nínú gbígbé ọ̀bẹ náà kiri ni pé àwọn èèyàn máa ń bèèrè rẹ̀. Bí aládùúgbò bá ra àpò ìrẹsì tí kò rí ohun tú u, bí wọ́n bá gbé páálí ìwé orin wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan á ní, "Bàbá, ọ̀bẹ yín ńkọ́?" Bàbá á ki ọwọ́ bọ àpò, á ṣí i, á wá na èèkù rẹ̀ sí ẹni náà kí ẹnu rẹ̀ má bàa kọ sí i. Ó máa ń sọ pé ọkùnrin tí kò bá lọ́bẹ lápò, eyín ni yóò fi já okùn.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn èèyàn ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì sílé, tí oníkéké kan fi ní láti gbé e wá fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó wá padà sí èdè Ìjẹ̀bú ìgbà èwe rẹ̀, ó ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi gan-an ò gbọ́ mọ́. Odogbolu ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, n kò lè máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà a wá opó kan láti Ayépé pé kó máa bá a gbé. Ó jù mí lọ dáadáa. Ìyá Ayépé là ń pè é. Ìjẹ̀bú kan náà ló fi ń dá bàbá lóhùn. Bí bàbá bá ń wá ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ayépé kò ní sọ fún un pé ó ti kú. Á ní, "Wọn ò tíì dé. Ẹ jẹ́ ká jẹun ná." Bàbá á sì jẹun. Ọwọ́ Ìyá Ayépé nìkan ló ti ń gba oúnjẹ láìjà.

Pẹ̀lú gbogbo ìgbàgbé yẹn, ọwọ́ bàbá kò gbàgbé ọ̀bẹ. Ọsàn tó bó lọ́dún yẹn ṣì dán bí èyí tó ń bó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nítorí náà ni kò ṣe sí ẹni tó ronú kan ọ̀bẹ náà, títí di Sátidé kan tí èmi àti ìyàwó mi mú ọmọbìnrin wa wá kí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó sáré lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì na ọwọ́ sí ọsàn tó wà lórí itan rẹ̀. Bàbá kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé ẹnì kan fẹ́ gba nǹkan òun, ó fọwọ́ gbá a dànù, ọ̀bẹ sì wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ náà.

Ojú ọgbẹ́ náà kò jìn. Ìyá Ayépé ti bu omi wá kí n tó dìde. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé bàbá rí ẹ̀jẹ̀ lápá ọmọ, ó dìde dúró, ó sì ń bi gbogbo wa léèrè pé, "Ta ló gé ọmọ yìí?"

Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi sọ pé ọmọ òun ò ní wọ ilé yẹn mọ́ tí ọ̀bẹ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀. Kò pariwo. N kò sì lè sọ pé ó jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo padà lọ. Bàbá ń sùn lórí àga. Ṣòkòtò rẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ náà, mo sì jù ú sínú àpò tèmi. Irin rẹ̀ tutù. Ó yẹ kí n dúró kó jí, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sọ fún un pé, "Bàbá, èmi ni mo mú un, nítorí ọmọ." Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń wo ojú bàbá rẹ̀ tó ń sọ fún un pé òun ti yọ nǹkan lápò rẹ̀? Mo rọra jáde. Mo rò pé yóò gbàgbé, bó ṣe gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù.

Kò gbàgbé. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ó ń fọwọ́ tẹ àpò. Ó wá abẹ́ tìmùtìmù, ó tú dúrọ́ọ̀, ó rí ọ̀bẹ òkè òkun yẹn níbẹ̀, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin aládùúgbò gbé àpò ìrẹsì wá lọ́jọ́ kan, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí bàbá bá òun tú u. Èmi wà níbẹ̀. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ náà pẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ jáde lófìfo, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ lójú ọjà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kọjú sí Ìyá Ayépé lójú mi. Ó ní, "Ìwọ lo gbé ọ̀bẹ mi."

Obìnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo kọjú sí títì.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ forí jì mí."

"Mú un wá."

"Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, bàbá."

Bàbá ní kó jáde nílé òun. Mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé etí títì, mò ń wí pé orí bàbá ni kò pé mọ́, pé kó má fi sọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ kí kéké tó dé ni pé, "Tẹ́ ẹ bá fi ẹja sí ọbẹ̀ wọn, ẹ yọ eegun rẹ̀ dáadáa."

A wá ẹlòmíràn. Bàbá di ẹnu rẹ̀ pa sí i, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A wá ẹlòmíràn sí i, ó ṣe bákan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti gbàgbé pé òun lé Ìyá Ayépé lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Á jókòó síwájú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó ti tutù, á máa pè é bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Nọ́ńbà obìnrin náà wà nínú fóònù mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, tí mo sì ń tì í pa, nítorí tó bá padà, yóò tún wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn. Bàbá gbẹ títí aṣọ rẹ̀ fi tóbi jù ú. Òjò ọdún yẹn kò tíì dáwọ́ dúró tá a fi sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó lọ sí Ayépé. Mo bá Ìyá Ayépé níwájú ilé rẹ̀, ó ń jọ gààrí, èyí tó ti jọ ṣáájú ti wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé àpótí fún mi. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo mú ọ̀bẹ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀, Tíṣà. Mò ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Mo rí yín láti ojú fèrèsé."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ?"

Kò gbé ojú kúrò lára ajọ̀ rẹ̀. "Tí mo bá sọ, ta ló kù fún Bàbá? Àlejò ni èmi. Àlejò lè jalè kó máa lọ. Ọmọ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ó jọ gààrí náà títí kó tó wá bèèrè pé, "Lẹ́yìn tí mo lọ, ṣé wọ́n ń jẹun?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá."

"Ṣé wọ́n pè mí?"

"Wọ́n pè yín. Lójoojúmọ́."

Ó gbé ajọ̀ náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun bo ojú. Ó ní, "Ẹ ò sì pè mí." Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí gààrí tó wà lórí iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, kò sì sí ẹni tó dìde nínú àwa méjèèjì.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Àwọn tó mọ̀ wá ṣì ń sọ pé mo tọ́jú bàbá mi, pé ìsìnkú rẹ̀ yẹ wá. N kì í bá wọn jiyàn. Ọmọ mi kò ní àpá, ìyẹn dára, n kò sì kábàámọ̀ pé mo mú irin kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ojú bàbá bà mí lẹ́rù, lẹ́yìn náà ojú obìnrin yẹn bà mí lẹ́rù, mo sì ń pe ẹ̀rù méjèèjì ní ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ni n kò lè sọ. Ebi ló pa bàbá mi nínú ilé tí oúnjẹ wà, nítorí pé èmi ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú mi.