Ìbọn Olómi Kẹ́hìndé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, méjì méjì ni wọ́n ń ra gbogbo nǹkan mi: bàtà méjì, ìlẹ̀kẹ̀ méjì, àkàrà méjì. Èmi Táyé ni mo ni ọ̀kan, Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n mi ló ni èkejì. Kẹ́hìndé ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Wọ́n á ní ó lọ sọ́jà ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí mo ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà retí rẹ̀ nìyẹn o! Ọjà wo lèèyàn ń ná tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ilẹ̀ ń mọ́, tí kò dé?

Bàbá mi kì í fẹ́ rí ère ìbejì nínú ilé, mùsùlùmí pọ́ńbélé ni. Nítorí náà, inú àpótí igi kan ni ìyá mi ń kó ẹrù Kẹ́hìndé sí, ó sì ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Tí àkàrà bá dé, ti Kẹ́hìndé ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù sọ́tọ̀. Tó bá ti tutù tán, wọ́n á ní ó ti jẹ ẹ́ yó, wọ́n á sì gbé e fún mi. Ìdí tí mo fi sanra nìyẹn.

Lọ́rì ni bàbá mi fi ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, ó ra ìbọn olómi bọ̀ fún wa, ìbọn oníke tó jẹ́ pé téèyàn bá ti fa ibi ìfà rẹ̀, omi á tú jáde. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú, ni pupa bá wọ inú àpótí. Ó dùn mí wọra. Mo ń fi tèmi yìnbọn fún gbogbo adìẹ àdúgbò, títí ìyá mi fi fà mí létí, torí ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ọ̀nà jíjìn la ti ń pọnmi. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ sókè títí èjìká fi ń ro mí.

Ọyẹ́ ọdún náà mú ibà wá fún mi. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn kíkorò, síbẹ̀ ara mi kò yé gbóná. Ìyá mi ṣí àpótí láti fi òrí ra ẹrù Kẹ́hìndé bó ti máa ń ṣe. Ó fa ìbọn pupa wò. Ibi ìfà rẹ̀ le gbagidi, kò mì rárá. Orí ẹní tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti rí bí ojú ìyá mi ṣe yí padà.

Ó ní, "Kẹ́hìndé ń bínú. Nǹkan rẹ̀ bàjẹ́, mi ò mọ̀. Kó má wá pe èkejì rẹ̀ o!"

Bàbá mi ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣe sùúrù. Ibà ni, Ọlọ́run á wò ó sàn."

Ìyá mi mú ìbọn náà. Ó pọ̀n mí, ó di ọjá le, ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ràfíù lọ, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ àti àtùpà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Bàbá Ràfíù yẹ ìbọn náà wò, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí kò ní wàhálà. Ohun tí ọmọdé ò bá fi ṣeré, dídi ló máa ń di. Òrí díẹ̀ ló ń fẹ́." Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tú síkúrúù rẹ̀, ó là á sí méjì lórí itan. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Iyanrìn pupa, tútù, ó ti há sídìí sípíríǹgì.

"Ẹ ní ọmọ kankan ò fọwọ́ kàn án?"

"Inú àpótí ló ń wà, bàbá. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Ìyá Ìbejì, àìlò kọ́ ló jẹ́ kó le. Àlòjù ni."

Mo wà lẹ́yìn ìyá mi, mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Mo rò pé yóò figbe ta. Ẹ̀rín ló bú sí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó ń ṣeré," ló ń sọ. "Ọmọ mi ò bínú. Ó ń ṣeré ni!"

Bàbá Ràfíù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ mọ́. Ó gbọn iyanrìn dànù, ó ń ka bísímílà lábẹ́ ẹnu, ó fi òrí pa sípíríǹgì, ó sì dè é padà. Ó gbé e sókè, ó fà á wò. A ò rọ omi sí i, síbẹ̀ omi tú jáde, ó bà mí níwájú orí, ó tutù bí omi àmù. Kí a tó délé, òógùn ti bò mí, ara mi ti balẹ̀. Bàbá Ràfíù kò gbowó. Ó ní kí á ṣáà má gbé ìbọn náà wá sọ́dọ̀ òun mọ́.

Láyé ìsinsìnyí, fóònù ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀. Ohun ìṣeré tó bá sì ti bàjẹ́ díẹ̀, ààtàn ló ń lọ. Nígbà tiwa, à ń tún nǹkan ṣe, títí kan ti ẹni tó lọ sọ́jà. Ìyá mi náà ti lọ bá a lọ́jà ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ mi n'Ìbàdàn ni àpótí wà báyìí, nínú ilé tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Èmi ni mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ìka mi sì ti tóbi ju ibi ìfà ìbọn pupa náà lọ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ṣí àpótí, mo rí i pé ìbọn náà tún ti le. Mo tú u. Iyanrìn pupa, iyanrìn Ṣakí, dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó tutù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbọ̀n mí. Gbogbo irun orí mi ti funfun tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ṣeré. Mo nu ojú mi, mo dìde, mo lọ wá òrí.