Lẹ́tà Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Mi ní Erékùṣù

Ẹni tí kò bá gbé ní erékùṣù rí lè rò pé atẹ́gùn tútù àti ẹja ọ̀fẹ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ṣe tíṣà ní erékùṣù kékeré kan láàárín odò Ògùn, ní ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta, ní ìgbà tí kò tíì pẹ́ tí ogun àwọn òyìnbó parí, omi ló sì ń pàṣẹ fún mi níbẹ̀. Bí omi bá kún, mi ò lè lọ sílé. Bí omi bá fà, ọkọ̀ á há sínú iyanrìn, mi ò tún lè lọ sílé.

Iyanrìn nìkan ni nǹkan tí a ní lọ́pọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá àwọ̀n sí, orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, orí rẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ABD, ìka wọn ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, torí pé síléètì kò kárí. Lọ́dọọdún, tí omi bá kún tó sì fà tán, ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí á ti yí padà, a ó tún máa wá ọ̀nà tuntun gbà dé ilé ara wa.

Ní ti ohun tí ìjọba ń ṣe fún wa, kò gùn láti sọ. Wolé-wolé ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti bú àwọn obìnrin nítorí ìkòkò omi tí kò ní ìdérí. Ọkùnrin olóògùn tó yẹ kó máa wá lóṣooṣù ń wá nígbà tó bá wù ú, kíníìnì àti oògùn aràn nìkan ló sì ń wà nínú àpótí rẹ̀. Obìnrin tó bá ń rọbí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára àwọn ìyá àgbà lọ, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á máa tukọ̀, wọ́n á sì máa gbàdúrà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá wọn wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ ni a fi bo obìnrin náà lójú bọ̀ wálé. Méjì nínú àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ wà ní kíláàsì mi.

Ìyẹn ló mú mi pinnu pé màá lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Mo kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ìjọba kan tí wọ́n ti ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn ló kẹ́yìn tí ọjọ́ orí mi á fi bá èyí tí wọ́n ń gbà mu. Bó bá kọjá, ó kọjá nìyẹn. Màmá mi tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ní Òwu nìkan ni mo sọ fún. Mi ò sọ fún ẹnì kankan ní erékùṣù. Tíṣà méjì ló ti sá mọ́ wọn lọ́wọ́ kí n tó dé, wọn kì í sì í yé sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Ojú ń tì mí láti jẹ́ ẹnì kẹta. Mo ní in lọ́kàn láti padà wá bá wọn o, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́?

Bí lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ní ọjọ́ ọjà, atukọ̀ á gbà wọ́n ní ọ́fíìsì lẹ́tà tó wà ní òdìkejì omi, á kó wọn sábẹ́ fìlà rẹ̀ kí omi má baà ta sí wọn, á sì kó wọn fún mi ní etí omi, torí èmi nìkan ló mọ̀wé níbẹ̀. Èmi ni mò ń ka ti gbogbo wọn fún wọn, èmi náà ni mò ń kọ èsì. Mo ti mọ ọkọ tó fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Èkó kí ìyàwó ilé tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà kan wà tí kì í dé ọwọ́ mi. Nígbà ogun, wọ́n kó ọmọkùnrin méjì láti erékùṣù náà lọ jagun ní ilẹ̀ Bọ́mà. Lẹ́tà tó mú ìròyìn ikú ẹni àkọ́kọ́ wá, inú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ adé ọba òyìnbó sí lára ló wà. Tíṣà ìgbà náà já a lórí iyanrìn, ó sì kà á sókè bó ṣe wà, lójú ìyá ọmọ. Ìyá náà yíjú padà, ó ń rìn lọ tààrà sínú omi. Wọ́n fà á yọ láàyè, àmọ́ iyè rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ṣì ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bóyá wọ́n bá ọmọ òun pàdé lọ́nà. Láti ìgbà náà ni baálẹ̀ ti pàṣẹ pé lẹ́tà aládé kankan kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kan ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ òun ni atukọ̀ á gbé e lọ, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n bá pè fún un ní ọ́fíìsì lẹ́tà. Òun á ránṣẹ́ pe ẹbí ẹni náà láìsọ ìdí, ìgbà tí ẹbí bá dé, tí wọ́n ti di onítọ̀hún mú lápá méjèèjì, ni wọ́n á tó já a.

Mo mọ òfin yìí. Mo tilẹ̀ yìn ín nígbà tí wọ́n sọ fún mi. Ohun tí mi ò rò ni pé ilé ìwòsàn ìjọba náà lè kó lẹ́tà tirẹ̀ sínú àpòòwé aládé. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé!

Bí oṣù kẹjọ ṣe wọlé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de atukọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

"Bàbá, ṣé ẹ ò bá lẹ́tà mi níbẹ̀?"

Á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kò sí o, tíṣà. Omi kún."

"Kí ló kan omi nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà?"

"Ó kàn án."

Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo erékùṣù bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ mi. Ìyá onílé mi ń gbé oúnjẹ wá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, á sì jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Wọn ò jẹ́ kí n pọnmi mọ́. Bí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi láti fọ aṣọ mi, kíá ni obìnrin méjì á rántí pé àwọn náà ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ fọ̀, ọ̀kan á dúró lápá ọ̀tún mi, èkejì lápá òsì. Bí mo bá rìn sókè díẹ̀, wọ́n á rìn sókè.

"Ìyá, kí ni mo ṣe gan-an?" Mo bi ìyá onílé mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ó sú mi.

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Jẹun."

Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ pé mo fẹ́ lọ, pé ẹja tí wọ́n ń gbé wá yẹn, wọ́n fi ń bẹ̀ mí ni. Ojú tì mí títí. Mo jẹ ẹja wọn, mi ò béèrè mọ́. Ká ní mo ti pariwo nígbà yẹn ni!

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà lórí iyanrìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí ẹfun tí mo fi ń kọ̀wé wà lọ́wọ́ mi, mo rí màmá mi nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ló ti bẹ́ sómi, ó ń wọ́ aṣọ rẹ̀ bọ̀, ó gbá mi mú, ó ń fọwọ́ kan orí mi, ejìká mi, ikùn mi.

"Ṣé ìwọ nìyí? Ṣé ìwọ náà nìyí?"

"Èmi ni, Màámi. Kí ló dé?"

"Wọ́n ní baálẹ̀ ní kí n máa bọ̀. Wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Omi ò jẹ́ ká tètè rí ọkọ̀. Láti Òwu ni mo ti ń sunkún rẹ bọ̀!"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú iṣẹ́ sójà ní òkè ọya. Mo gbà pé lẹ́tà aládé ti dé nípa rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ẹní sí ojúde baálẹ̀, wọ́n mú mi jókòó, obìnrin méjì dì mí mú lápá. Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní kí n gbà fún Ọlọ́run, ó ní ọmọ àwọn ni mí, ó ní àwọn ò ní fi mí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ funfun kan, ó sì mú àpòòwé jáde. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń dúró de atukọ̀, abẹ́ ìrọ̀rí bàbá yìí ni lẹ́tà náà wà.

Ó nà án sí àbúrò màmá mi. Ìyẹn ní òun ò mọ̀wé. Èkejì náà ò mọ̀wé. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè kà á ni èmi tí wọ́n dì mú. Wọn ò sì fẹ́ tú mi sílẹ̀ o! Màmá mi ló já a, tí ó nà án síwájú ojú mi.

Ilé ìwòsàn ni lẹ́tà náà ti wá, wọ́n ní kí n wá fún íńtáfíù. Ọjọ́ Túsìdeè, agogo mẹ́jọ àárọ̀, kí n mú ìwé ọjọ́ ìbí mi dání, kí n sì wọ bàtà. Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ̀kọ àti ẹja ni wọ́n fún mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kú?" ni màmá mi ń bi mí.

"Kò sẹ́ni tó kú."

Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn èèyàn ti hó yèè. Àwọn obìnrin tó dì mí mú bú sí ẹ̀rín, wọ́n gbá mi mọ́ra. Àwọn ọkùnrin ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ti dá orin ọpẹ́ sílẹ̀, ìyá onílé mi sì ti gba ìdí iná lọ. Màmá mi nìkan ló wo ojú mi, tó wá káwọ́ lérí. "Yéè! Lẹ́tà agbẹ̀bí ni!"

Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ ti bayé mi jẹ́! Ẹ ti bà á jẹ́, ẹ wá ń kọrin!" Orin dáwọ́ dúró. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ẹkún.

Baálẹ̀ sún mọ́ mi. Kò bínú. Ó ní, "Tíṣà, kí ló dé tí o ò sọ fún wa pé ò ń retí nǹkan?"

Ìbéèrè yẹn tún dá kún ìbínú mi.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun á bá mi lọ. Ó wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù lọ. A wọ ọkọ̀ omi, a fẹsẹ̀ rìn dé títì, a wọ lọ́rì dé ìlú. Akọ̀wé tó wà lójú wíńdò ní ilé ìwòsàn náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní wọ́n ti mú àwọn tí wọ́n fẹ́ mú. Mo ní ṣé mo lè wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó wo ọjọ́ orí mi nínú ìwé, ó mi orí. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, láti orí Bọ́mà, dé orí ìyá tó wọ inú omi, dé orí àpòòwé. Akọ̀wé gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì pe ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Nígbà tí a jáde síta, lójú àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń tajà, baálẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀. Bàbá tó ju bàbá mi lọ! Mo sáré dì í mú, èmi náà sì kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó ti tán."

Kí ni ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Òwu ì bá tún sọ? Mo fẹ́ gbọ́ kó sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ṣìṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ, mo ti tò ó sínú láti orí omi títí dé ìlú. Bó ṣe tẹrí ba báyìí, ó ti gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Kò tíì tán nígbà yẹn, kò sì tíì tán títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ó nà dìde, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó fi dé orí. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó ra àkàrà fún mi lọ́nà, ó sì ń sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí a dé etí omi, àwọn èrò ọjà ti kún inú ọkọ̀, wọ́n sún fún wa. Kí atukọ̀ tó ti ọkọ̀ kúrò lórí iyanrìn rárá ni baálẹ̀ ti ń sọ fún wọn, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé, "Tíṣà wa ò lọ mọ́ o!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ní mo kú oríire.