Ta Ló Ń Já Òdòdó Orí Sàréè Ọládiméjì?

Róòsì pupa mẹ́fà ni Adédoyin gbìn sórí sàréè Ọládiméjì ọkọ rẹ̀ lóṣù karùn-ún. Nígbà tó fi máa padà débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, igi lásán ló bá. Ó gbin òmíràn, wọ́n tún já a.

Ibi ìsìnkú náà wà lẹ́bàá igbó ní Kent, ó sì jìnnà sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Adédoyin ń gbé. Ta ni yóò rin gbogbo ọ̀nà yẹn nítorí òdòdó? Deptford lọkàn Adédoyin lọ, níbi tí Yéwándé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń gbé. Òun ló sọ lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìsìnkú pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn róòsì rí." Ó sì ní mọ́tò. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Adédoyin á kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ á sì máa wá àpá ẹ̀gún kiri ọwọ́ Yéwándé.

Níkẹyìn, ó gé ọ̀kan nínú igi náà, ó gbé e lọ bá Levi, ọkùnrin tó ń ta òdòdó ní Rye Lane.

"Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé eléyìí, àbí àlùmọ́gàjí?"

"Kì í ṣe ọ̀kankan," ni Levi wí. "Ẹ wo bó ṣe fà ya. Àgbọ̀nrín ni. Kò ní eyín iwájú lókè, ńṣe ló ń fà á já. Ẹ gbin láfẹ́ńdà, wọn kì í sábà fẹnu kàn án. Òórùn rẹ̀ le jù fún wọn."

Adédoyin wo láfẹ́ńdà tó kún iwájú ìsọ̀ náà. Kí ni ọlọ́jà ì bá tún sọ? Kò rà á; róòsì mìíràn ló rà, ó lọ gbìn ín sórí sàréè náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ lọ síbi ìsìnkú náà, kó lè ká Yéwándé mọ́bẹ̀. Àgbọ̀nrín méjì ló rí. Wọ́n jáde láti inú igbó, wọ́n lọ tààrà sídìí sàréè Ọládiméjì, wọ́n ń já róòsì jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ojú tì í. Ó pe Yéwándé níbẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, èmi ti rò pé ẹ̀yin lẹ ń já òdòdó mi. Àgbọ̀nrín ni."

Yéwándé bi í pé, "Ìyàwó, òdòdó pansy tí mo gbìn síbi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ìwọ ni mo rò pé ó hú u."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Levi. Yéwándé mú òdòdó tulip, Levi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyẹn, oúnjẹ wọn ni." Láfẹ́ńdà mẹ́rin àti rosemary méjì, tí òórùn tirẹ̀ náà le, ni wọ́n rà lọ gbìn sórí sàréè náà. Oṣù kẹjọ ti parí báyìí, ẹranko kankan ò tíì fẹnu kàn wọ́n.