Sosíìsì Tó Ń Ṣọ́ Ìrẹsì Ìyá Mi

CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, olùkọ́ mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi fà á tọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí òkun ṣe gbé èmi, ọmọ àárín òkè Dásà, lọ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí, nígbà tí sosíìsì mi wà lóko.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé mi dé Kútọnu. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ojú omi wá bi àwa tí à ń po sìmẹ́ǹtì pé ta ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú wa. Mo nawọ́. Ihò àpáta ẹ̀yìn ilé wa, tí òjò máa ń kún, ni mo ní lọ́kàn, èyí tí ẹsẹ̀ èèyàn ń tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ojú òkun tí mo rí i pé kò sí ibi tí ẹsẹ̀ á tẹ̀, ó ti pẹ́ jù láti rẹ ọwọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni pé ọkọ̀ irin àtijọ́ kan rì sísàlẹ̀ omi, àwọ̀n àwọn apẹja a sì máa há sí i. Àwa la máa ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n, tí a ó wọ bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tí a ó lọ gé àwọ̀n náà kúrò. Pàtíróònù wa, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ náà, kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá wọ omi. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ etí òkun láti ìhà Pópó, ni wọ́n so mí mọ́. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀.

"Ará òkè," ó máa ń wí, "bí omi bá gbé ọ, má bá a jà. Fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀wù rẹ kí o lè léfòó, fẹ́ sosíìsì rẹ, fun fèrè, kí o sì gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló ń wá ọ. Ìwọ kọ́ ló ń wá wọn."

Sosíìsì tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ. Rọ́bà gígùn kan ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, a máa ń ká a bí ẹní mọ́ ìgbànú. Bí o bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, á dìde lójú omi, á ga ju èèyàn lọ. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ kì í rí orí èèyàn lójú òkun. Orí èèyàn ò ju àgbọn lọ níbẹ̀, àgbọn sì pọ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé lásìkò ìrẹsì, mo mú tèmi dání kí n fi fọ́nnu. Oko ìyá mi wà lójú ọ̀nà Lèma, ẹyẹ sì ń jẹ ẹ́ run. Ìyá ti ta okùn kásẹ́ẹ̀tì sórí igi kí ó máa hó nínú afẹ́fẹ́, ó ti fi àkísà kọ́, ó ti so agolo mọ́ra. Orí àkísà yẹn gan-an ni àwọn ẹyẹ ń bà lé láti simi. Ni mo bá fẹ́ sosíìsì mi, mo so ó mọ́ òpó láàárín oko. Gbogbo ẹyẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba orí àpáta lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Bàbá mi, fi í sílẹ̀ fún mi títí a ó fi kórè."

Mo fi í sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mi ò lò ó rí, àti pé Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Kútọnu, mi ò lè béèrè òmíràn, torí pàtíróònù á bi mí pé èyí àkọ́kọ́ dà. "Ó ń lé ẹyẹ" kì í ṣe èsì tí èèyàn ń fún ọ̀gá. Mo ká àpò ìrẹsì òfìfo, mo so ó mọ́ ìgbànú mi, ó sì jọ sosíìsì dáadáa bí èèyàn ò bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ẹ̀rù pàtíróònù bà ju ẹ̀rù òkun lọ, irú èmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, a ṣì ń gé àwọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí ìṣàn omi yí padà. Okùn ọkọ̀ wa tí à ń dì mú já mọ́ wa lọ́wọ́. Kí a tó dé òkè omi, ọkọ̀ wa ti kéré bí ewúrẹ́ tó wà ní òdìkejì oko, ẹni tó ń wa ọkọ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ibi tí a ti wọ omi. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sosíìsì tirẹ̀. Ó dúró ṣánṣán.

"Di ìgbànú mi mú," ó ní. "Má wẹ̀."

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀wù mi, mo dì í mú. Lẹ́yìn náà ni ìgbì gbé mi sókè, mo sì rí ilẹ̀, mo rí òpó funfun kan tó ga lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ òkè á mọ ohun tó ṣe mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé bí igbó bá dojú rú mọ́ ọ lójú, wá ibi gíga, wo òkè tó jẹ́ tiyín, kọjú sí i, máa rìn. Ẹni tó bá ti rí òkè ilé rẹ̀ ò tíì sọnù.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí ilẹ̀."

"Gbogbo wa la rí i. Di ìgbànú mi mú."

"Kò jìnnà."

"Ará òkè! Ilẹ̀ ò lọ síbì kankan, àwa ni omi ń gbé lọ. Dúró!"

Mo jọ̀wọ́ ìgbànú rẹ̀.

Mo wẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá gbórí sókè, òpó funfun náà á ti yẹ̀ sápá òsì, bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lójú ọ̀nà tó sì ń wá ibi tó máa yà sí. Mo tún wẹ̀. Ó tún yà. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ká kò, mo bojú wẹ̀yìn láti wá Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ohun tó pọ́n níbì kankan.

Mo kígbe. Nílé, bí o bá kígbe láàárín àpáta, òkè á dá ọ lóhùn; ìwọ nìkan ò ní dá wà. Níbẹ̀, ohùn mi jáde lẹ́nu mi, kò sì padà wá. Mo fun fèrè. Fèrè yẹn ò dún ju igbe ọmọ ẹyẹ lọ. Mo ṣèlérí oríṣiríṣi fún Ọlọ́run, títí kan sìgá tí mi ò mu rí. Mo rántí sosíìsì mi tó dúró gbọn-in láàárín ìrẹsì, tí gbogbo ẹyẹ Lèma ń rí láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rín pa mí, omi iyọ̀ sì kún mi lẹ́nu. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹnì kankan nílé tó mọ̀ pé mo sọnù. Wọ́n á máa jẹun. Ìyá á máa wí pé mo wà níbi iṣẹ́.

Ọkọ̀ apẹja kan kọjá. Mo júwọ́. Ó kọjá lọ.

Ìgbà yẹn ni mo bọ́ bàtà pẹ́pẹ́yẹ kan, tó jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbé e sókè. Bí apá kan bá rẹ̀ mí, mo gbé e sí èkejì. Mi ò wẹ̀ mọ́. Mo ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣe, nígbà tí mi ò ní okun láti ṣe òmíràn.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí ọkọ̀ wa dé, Ẹ̀gbọ́n ló dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n ti tètè rí sosíìsì tirẹ̀. Òun ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mi lọ sí etíkun: "Á wẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà omi á gbé e wá síbi tó ń gbé gbogbo wa lọ."

"Ta nìyẹn?" ó kígbe.

"Èmi ni!"

"Pẹ́pẹ́yẹ la rí o!"

Wọ́n fà mí wọlé. Pàtíróònù tú àpò ìrẹsì ní ìgbànú mi.

"Sosíìsì rẹ dà?"

"Ó wà lóko."

"Oko wo?"

"Oko ìyá mi, sà. Ó ń lé ẹyẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọjú sí òkun. "Tèmi wà níbẹ̀," ó ní. "Ó tó ẹni méjì."

Lálẹ́, mo tẹ ìyá mi láago.

"Ọmọ mi, ohùn rẹ há."

"Iyọ̀ ni, Ìyá."

"Iyọ̀ kẹ̀?"

"Ọbẹ̀ tí mo jẹ ló níyọ̀ jù."

"Ẹ̀yin ará Kútọnu! Ẹyẹ kan ò fẹnu kan ìrẹsì mi láti ọjọ́ tí o ti lọ o. Ohun yẹn dára." Mo fẹ́ sọ fún un. Mo ní kí ó sùn dáadáa.

Pàtíróònù ní mi ò ní wọ omi mọ́ àfi tí mo bá mú sosíìsì padà. Ni mo bá lọ sílé láti lọ mú un. Láti ojú títì ni mo ti rí i. Nígbà tí mo dé ẹ̀bá oko, mo gbọ́ ohùn Ìyá, mo sì dúró lẹ́yìn àpáta. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù mi àtijọ́ fún sosíìsì. Atẹ́gùn ń jò lára rẹ̀, ó ti ń tẹ̀. Ìyá sì fi ẹnu rẹ̀ sí i, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń simi, ó tún ń fẹ́ ẹ.

"Ewúrẹ́ wa bí méjì," ó sọ fún un. "O ò ní wá wò ó? Iṣẹ́, iṣẹ́, lójoojúmọ́."

Mo pẹ́ lẹ́yìn àpáta yẹn. Lẹ́yìn náà mo wúkọ́.

Ojú tì í. Ó ń nu ẹnu rẹ̀. "Ṣé o wá gbé e lọ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ewúrẹ́ ni mo wá wò."

Mi ò padà sínú omi. Àwọn èèyàn tí mo ń fi ọ̀kadà gbé láti oríta Dásà ń wí pé ẹ̀rù ló bà mí. Wọn ò purọ́. Mo pe Ẹ̀gbọ́n láti dágbére fún un. Ó bi mí bóyá ẹyẹ ṣì ń wá, mo ní rárá, ó ní ó dáa.

Èémí Ìyá ò tó mọ́ báyìí. Ní gbogbo àárọ̀ ìgbà ìrẹsì, kí n tó gba oríta lọ, mo máa ń yà sóko, mo máa ń fi ẹnu sí sosíìsì náà, mo máa ń fẹ́ ẹ títí á fi dìde. Ìyá á jókòó sórí òkúta, á máa wò mí.

"Ó tó," á ní. "Ó tó, wọ́n ti rí i."