Ọjọ́ Tí Mo Gbọ́ Ìṣubú Màmá Adùnní

Ọjọ́ Ẹtì kan tí a ń ya fíìmù nílé kan ní Bódìjà kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Èmi ni mo ń gba ohùn sílẹ̀. Ọjọ́ kẹfà tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ó sì ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì mú ká tún ìran kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Lọ́sàn-án, olùdarí ní ká sinmi. Màmá Adùnní, àgbà òṣèré tó ń ṣe ìyá nínú fíìmù náà, wọ yàrá lọ pẹ̀lú máìkì kékeré láyà wọn, èyí tó ń gbé ohùn wọn wá sínú ẹ̀rọ tí mo fi sétí. Mo fẹ́ pa máìkì náà kí n má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí wọn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọ́n ní, "Ẹ gbà mí o." Lẹ́yìn náà, gbì!

Mo sáré dìde. Olùdarí pariwo, "Níbo lò ń lọ?"

"Màmá ti ṣubú!"

Màmá ti tilẹ̀kùn mọ́rí, la bá fi èjìká já a. Wọ́n wà nílẹ̀, òógùn bò wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kan ní Ring Road. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló lọ sílẹ̀ jù, pé bí a bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i ni, à bá pàdánù wọn.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n lajú, wọ́n bèèrè ẹni tó gbọ́ wọn.

"Èmi ni, mà."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Fíìmù mẹ́rin la ti jọ ṣe, mi ò bèèrè orúkọ rẹ rí."

"Akínwálé ni, mà."

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó padà sùn. Èmi náà sùn lọ lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.