Ìgbòkun Àti Kòkó Àna Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbé òpó ọkọ̀ ojú omi wọ Ìlá, ìlú tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà. Orí bọ́ọ̀sì ni wọ́n dè é mọ́ láti Èkó, ó yọ síwájú, ó yọ sẹ́yìn, gbogbo ibi tí a bá sì ti dúró ni wọ́n ti ń bi mí bóyá páìpù omi ìjọba ni. Ní àwọn ọdún 1990 yẹn, iṣẹ́ ìtọ́jú ọkọ̀ ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ òyìnbó kan létí ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọkọ̀ rẹ̀. Aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́ náà, tí à ń pè ní ìgbòkun, inú òpó tó là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa ń ká wọ̀ bí ẹní. Nígbà tí òpó náà ṣẹ́, òyìnbó ra tuntun, ó sì fi èyí tó kù lára èyí tó ṣẹ́ ta mí lọ́rẹ pẹ̀lú ògbólógbòó ìgbòkun. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà ní Ìlá tí mo fẹ́ fẹ́. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá rẹ̀, alàgbà nínú ìjọ, ẹni tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó lè dá ọmọ padà láti ìdajì ọ̀nà pé ó kí òun ní ìnàró. Kò tíì sọ pé òun gbà fún mi, kò sì tíì lé mi. Ohun tó sọ kò ju pé òun kò mọ bí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ òyìnbó yóò ṣe bọ́ ọmọ òun. Mo sì mọ ohun tó ń dà á láàmú: òjò àrọ̀kúrò tó máa ń ká kòkó rẹ̀ mọ́ ibi tó sá a sí. Kí ará ilé tó sáré wá tapólì, ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń bò ó, kòkó á ti rin, kòkó tó bá sì rin á bu.

Ni mo bá gbé òpó náà dùbúlẹ̀ sí etí pèpéle tó ń sá kòkó sí, mo so okùn mọ́ igun ìgbòkun. Bí òjò bá ṣú, ẹ fa okùn, aṣọ á yọ, á bo kòkó. Bí òjò bá dá, ẹ yí ọwọ́ irin tó wà ní ìdí òpó, aṣọ á ká wọlé. Mo fà á lójú bàbá, ó yọ wẹ́rẹ́. Bàbá rọra mi orí pé ó dára. Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè.

Ó wá ku kí n ká a padà. Òfin kan ṣoṣo ni òyìnbó fún mi lórí èyí: bí ọwọ́ kan bá ń yí irin, ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ di okùn mú kó le dáadáa, nítorí aṣọ tó bá dẹ̀ nígbà tí a ń ká a yóò ṣẹ́po sínú òpó, yóò sì há lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fà á yọ. Mo mọ òfin náà bí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀bá ọ̀nà sì ni pèpéle náà wà. Ìyá arúgbó kan ń ti oko bọ̀, mo ju okùn sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo dìde, mo yí irin díẹ̀, àbúrò bàbá dé, mo tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ jáde, ó wọlé, ó tún jáde, n kò jẹ́ kí ọ̀kan lọ lásán. Ta ni yóò máa wá ìyàwó, tí yóò kí àna ní ìnàró? Nígbà tí mo ká a tán, erùpẹ̀ kún àyà mi, inú mi sì ń dùn pé gbogbo àdúgbò ti rí i pé mo lẹ́kọ̀ọ́.

Ìsinmi tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì tán tí ojú ọ̀run fi ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kòkó tó dára jù lọ́dún náà ló wà lórí pèpéle. Bàbá kò tilẹ̀ béèrè tapólì. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ Èkó, ó yá."

Mo fa okùn. Aṣọ yọ díẹ̀, ó dúró. Mo tún fà á, ó há gbagidi.

Àbúrò bàbá kò bi mí ní nǹkan kan, ó di okùn mú lẹ́yìn mi. Aládùúgbò kan sáré dé, òun náà dì í mú, ó ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" Bàbá ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó bọ́ síwájú wọn. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni aṣọ tó ṣẹ́po ń dì mọ́ ẹnu òpó. Mo mọ ohun tó yẹ: kí á dẹ okùn, kí á yí aṣọ padà sínú, kí á wá rọra fà á. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?

"Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá lè dẹ ọwọ́ díẹ̀..."

"Má ṣèyọnu, ọmọ wa. A ó bá ọ fà á," ni àbúrò bàbá wí.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí kòkó. Inú bí mi sí òpó, ó bí mi sí òyìnbó, ó bí mi sí àwọn ọwọ́ oore wọ̀nyẹn tí wọn kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Omi ti ń lé sí mi lójú. N kò mọ ìgbà tí mo kígbe mọ́ àna mi bí òyìnbó ṣe máa ń kígbe mọ́ mi nínú ọkọ̀: "Ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀!"

Gbogbo ọwọ́ tú. Mo yí irin, mo mi aṣọ, mo fà á díẹ̀, mo tún yí i padà, bẹ́ẹ̀ títí ó fi yọ. Nígbà tí ìgbòkun bo pèpéle tán, ìdajì kòkó ti rin gbindin.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Bàbá ní, "Kí ló mú un há?"

"Mò ń ju okùn sílẹ̀ nígbà tí mò ń ká a, bàbá."

"Kí ló dé tí o ń jù ú sílẹ̀?"

"Mò ń kí yín ni."

Ó wo kòkó rẹ̀ títí, ó wọlé. Mo padà sí Èkó pẹ̀lú ìbínú, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ìkórè ló ránṣẹ́ pé kí n kó àwọn ènìyàn mi wá.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, mò ń ká ìgbòkun náà, mo rí bàbá tó ń ti oko bọ̀, àdá léjìká. Ó rí okùn lọ́wọ́ mi. Ó dúró, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú, kò sì sọ ìdí rẹ̀ rí.

Nísinsìnyí tí mo ti fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀ padà sí Ìlá, mo máa ń ká a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, okùn á le dáadáa lọ́wọ́ mi, kò sì há mọ́. Ojú mi ṣì máa ń lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ì bá wù mí kí ó gba iwájú wá lẹ́ẹ̀kan péré, kí n ju okùn sílẹ̀, kí aṣọ sì há bó bá fẹ́ há.